Aládùúgbò tó kọ̀ láti dé FULL: ìdáhùn lórí OSPF láàárín switch mẹ́ta

Ìbéèrè: Switch Cisco Catalyst 9300 mẹ́ta ni mò ń tọ́jú ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn. A wà ní ọ́fíìsì àgbà, ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé. B wà ní ilé ìkàwé. C wà ní ilé kọ̀ǹpútà. Fáíbà 10G so A mọ́ B, fáíbà 10G mìíràn so B mọ́ C, kébù Cat6 tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1G sì so A mọ́ C tààrà. Static route, ìyẹn ọ̀nà tí a fọwọ́ kọ fún switch, la ń lò tẹ́lẹ̀ kí n tó gbé OSPF wọlé, èyí tó ń jẹ́ kí àwọn switch wá ọ̀nà fúnra wọn. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ gbogbo ohun tó ń ti A lọ sí C, ọ̀nà 1G ló ń gbà. Nígbà tó yá, iná lọ, ó padà dé, B kò sì bá àwọn yòókù rẹ́ mọ́. EXSTART, ọ̀kan lára àwọn ìpele tó ṣáájú FULL (ìgbà tí àwọn switch ti di aládùúgbò tán), ni mò ń rí ṣáá. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣòro méjì lẹ kó pọ̀ yẹn, wọn kò sì bára tan. Èyí tó dá B dúró sí EXSTART, MTU, ìwọ̀n ẹyọ data tó tóbi jù tí pọ́ọ̀tù lè gbà, ni mo fura sí. Èyí tó ń darí data gba ọ̀nà tóóró, iye tí OSPF bù lé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni, tàbí static route àtijọ́ tí ẹ gbàgbé sílẹ̀. Nínú méjèèjì, ohun tó yẹ kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún switch lẹ fi sílẹ̀ pé kó yàn fúnra rẹ̀, ohun tó yàn ni kò sì bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín mu.

OSPF kì í gba àhesọ gbọ́. Switch kọ̀ọ̀kan á kéde àwọn ọ̀nà tó kan òun nìkan: èmi rèé, ọ̀nà mi rèé, iye rẹ̀ rèé. Ìkéde náà á kárí gbogbo switch tó wà ní area (agbègbè OSPF) kan náà láìsí pé ẹnikẹ́ni yí i padà lójú ọ̀nà. Tí gbogbo wọn bá ti gbọ́ tán, àwòrán ilẹ̀ kan náà ló wà lọ́wọ́ kálukú. Kálukú á wá fi ìṣirò tí Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tẹ̀ jáde ní 1959 wá ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù láti ibi tí òun dúró sí. RFC 2328, tí John Moy kọ ní 1998, ni ìwé tó gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ fún IPv4.

Ṣùgbọ́n kí ìkéde tó lè kọjá, switch méjì tó kojú síra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé aládùúgbò làwọn. Ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ju Hello (packet ìkíni) sí àdírẹ́sì 224.0.0.5. Nọ́ńbà area, iye ìṣẹ́jú-àáyá tí Hello fi ń jáde, iye tí wọ́n fi ń dúró kí wọ́n tó ka ara wọn sí òkú (40 ni bí ẹ kò bá yí i), àti ọ̀rọ̀ aṣínà bí ó bá wà, gbogbo ìyẹn gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọ́n bá bára mu, wọ́n dé 2-WAY. Lẹ́yìn èyí ni EXSTART, níbi tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tí yóò ṣáájú ọ̀rọ̀. EXCHANGE, níbi tí wọ́n ti ń ka àkójọ ohun tó wà lọ́wọ́ ara wọn. LOADING, níbi tí ẹni tí nǹkan kù fún á ti béèrè rẹ̀. Kí wọ́n tó dé FULL.

MTU ni ìwọ̀n packet tó tóbi jù tí pọ́ọ̀tù lè gbà. Kò sí nínú Hello rárá. Inú packet àkójọ tí à ń pè ní DBD ló wà, DBD kì í sì í jáde àfi tí wọ́n bá dé EXSTART. Ìdí nìyẹn tí àrùn yìí fi lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ẹnìkan bá yí MTU B padà sí 9198 lẹ́yìn tí wọ́n ti dé FULL, bóyá nítorí server kan tó wà ní ilé ìkàwé, Hello á ṣì máa lọ á máa bọ̀, kò ní sí ẹni tó máa bi ẹnikẹ́ni ní MTU. Ọjọ́ tí iná bá lọ tó dé ni wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. A á rí 9198 nínú DBD tí B fi ránṣẹ́, tirẹ̀ 1500, á sì kọ̀ ọ́. Ọ̀nà méjèèjì tó kan B ló dákẹ́, A àti C sì ṣì wà ní FULL. Ìyẹn ló jẹ́ kí n tọ́ka sí B.

Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ lásán, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí switch mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tẹ `show system mtu`. Lẹ́yìn náà, lórí A, ẹ tẹ `terminal monitor` bí ẹ bá gba SSH wọlé, kí ẹ sì tan `debug ip ospf adj` fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ MTU, ẹ óò rí ìlà tó sọ báyìí:

Nbr 10.255.0.2 has larger interface MTU

Ẹ pa á pẹ̀lú `undebug all` kíákíá. Nínú log, ohun tí ẹ óò máa rí ni pé aládùúgbò náà ń ti EXSTART bọ́ sí DOWN nítorí Too many retransmissions, tó sì tún ń gbéra padà. Ó wọ́pọ̀ kí ẹ̀gbẹ́ kan máa fi EXSTART hàn, kí èkejì máa fi EXCHANGE hàn.

Ẹ mú ìwọ̀n kan, kí gbogbo switch lò ó. Tí kò bá sí ẹni tó lè sọ ìdí tí a fi nílò 9198, ẹ dá B padà sí `system mtu 1500`. Lórí Catalyst 3560 àti 3750 àtijọ́, `system mtu routing` ni kí ẹ wò, torí ìyẹn ni OSPF ń kà níbẹ̀. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ tẹ `ip ospf mtu-ignore` sórí pọ́ọ̀tù, kí ọ̀rọ̀ tán. Òótọ́ ni pé wọ́n á dé FULL. Àmọ́ B á máa ju packet ńlá sórí ọ̀nà tí A kò lè gbà, A á máa dà wọ́n nù, ping kékeré á máa kọjá, fáìlì ńlá á sì há. Ẹni tó bá ń wá ìdí rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò ní ronú kan OSPF rárá, torí FULL ló ń rí. Mi ò gbà kí ẹ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìṣètò ló kàn. Mo fún switch kọ̀ọ̀kan ní loopback (pọ́ọ̀tù inú switch tí kò ní okùn) kan: 10.255.0.1 fún A, 10.255.0.2 fún B, 10.255.0.3 fún C. Ọ̀nà A sí B ń lo 10.255.1.0/30, B sí C ń lo 10.255.1.4/30, A sí C ń lo 10.255.1.8/30, ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ṣáájú ló ń gba nọ́ńbà kékeré. Bí A ṣe máa rí nìyí:

```
ip routing
!
interface Loopback0
 ip address 10.255.0.1 255.255.255.255
 ip ospf 1 area 0
!
interface TenGigabitEthernet1/1/1
 description ona si B
 no switchport
 ip address 10.255.1.1 255.255.255.252
 ip ospf network point-to-point
 ip ospf 1 area 0
!
interface GigabitEthernet1/0/24
 description ona si C
 no switchport
 ip address 10.255.1.9 255.255.255.252
 ip ospf network point-to-point
 ip ospf 1 area 0
!
interface Vlan10
 ip address 10.1.10.1 255.255.255.0
 ip ospf 1 area 0
!
router ospf 1
 router-id 10.255.0.1
 auto-cost reference-bandwidth 100000
 passive-interface default
 no passive-interface TenGigabitEthernet1/1/1
 no passive-interface GigabitEthernet1/0/24
```

B àti C á tẹ̀lé e, kí ẹ yí àdírẹ́sì, orúkọ pọ́ọ̀tù àti router-id, orúkọ tí OSPF mọ switch sí. Ibi router-id yìí ni àwọn tó ń da config A sórí B láti má fi àkókò ṣòfò ti máa ń kó sínú wàhálà. Switch méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà kò lè di aládùúgbò. Bí wọ́n bá jìnnà síra, tí ẹlòmíràn wà láàárín wọn, ìkéde wọn á máa pa ara wọn rẹ́, àwọn ọ̀nà á sì máa wọlé máa jáde nínú tábìlì. Tí ẹ kò bá kọ router-id, switch á mú àdírẹ́sì loopback tó ga jù. Bí kò bá sí loopback, á mú èyí tó ga jù lára àwọn pọ́ọ̀tù tó ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn lè yí padà lẹ́yìn tí iná bá lọ tó dé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra yín. Tí ẹ bá yí i nígbà tí OSPF ti ń ṣiṣẹ́, `clear ip ospf process` ló máa jẹ́ kó mú, gbogbo aládùúgbò á sì ṣubú fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà alẹ́ ni kí ẹ ṣe é.

Laini `ip ospf network point-to-point` yẹn kéré, àmọ́ ó ṣe pàtàkì. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, OSPF á ka okùn Ethernet sí ìta gbangba tí ọ̀pọ̀ switch lè pàdé sí. Á kọ́kọ́ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 40 kó tó yan olórí fún ibẹ̀, á tún kọ ìkéde àfikún fún ìta gbangba náà. Switch méjì péré ló wà ní ìdí okùn yín, wọn kò nílò olórí kankan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ gbàgbé èkejì. Hello méjèèjì á bára mu, 10 àti 40, wọ́n á dé FULL, ojú yín á sì balẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà kankan kò ní wọ tábìlì, torí ọ̀kan ń yàwòrán okùn tààrà, èkejì ń yàwòrán ìta gbangba. Bí ẹ bá tẹ `show ip ospf database router`, ẹ óò rí i tí ó kọ ọ́ pé Adv Router is not-reachable. Bí ẹ bá ti rí FULL láìrí ọ̀nà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

`passive-interface default` ń pa ẹnu OSPF mọ́ sí gbogbo pọ́ọ̀tù, àfi àwọn tí ẹ bá yọ sílẹ̀. VLAN (ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ṣì wà nínú ìkéde, ṣùgbọ́n Hello kò ní jáde síbẹ̀. Láìsí i, ẹnikẹ́ni tó bá gbé laptop wọ ilé kọ̀ǹpútà lè fi sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ di aládùúgbò switch yín, kó sì kéde pé ọ̀dọ̀ òun ni ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì wà. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí okùn àárín àwọn switch: `ip ospf authentication message-digest` àti `ip ospf message-digest-key 1 md5` tí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé. Ẹ ṣọ́ra fún àlàfo tí ẹ bá ṣèèṣì tẹ̀ sí ìparí ọ̀rọ̀ náà, torí switch ń kà á mọ́ ọn.

Ní ti ọ̀nà tóóró, ẹ kọ́kọ́ tẹ `show ip route 10.3.10.0` lórí A, bí ó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì VLAN kan ní C nìyẹn. Bí ó bá sọ pé static ni ọ̀nà náà, OSPF kò jẹ̀bi. Static ní ipò 1, OSPF ní ipò 110, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ni switch ń gbọ́. Static route kan tí ẹ gbàgbé sílẹ̀ á máa borí gbogbo ìṣirò OSPF títí láé. Ẹ má kàn pa gbogbo wọn rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹ tún wọn kọ pẹ̀lú 200 ní ìparí, bí i `ip route 10.3.10.0 255.255.255.0 10.255.1.10 200`, kí wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn OSPF. Ẹ fi `show running-config | include ip route` rí i dájú pé ẹ̀dà àtijọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí nǹkan bá lọ déédéé, ẹ lè wá nù wọ́n kúrò.

Bí ó bá jẹ́ OSPF lẹ rí, iye ọ̀nà ni. Ẹ fi wé owó oníbodè: ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní iye tí à ń san kí á tó kọjá, OSPF á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì gba ibi tó dínwó jù. Bí ó ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé kó fi agbára ọ̀nà pín nọ́ńbà kan tí a fi ń ṣe òdiwọ̀n. Òdiwọ̀n tí Cisco gbé kalẹ̀ ni 100 Mbps, ti ayé àtijọ́. Ọ̀nà 100 Mbps á san 1. Ọ̀nà 1G, ìdá kan nínú 10, àmọ́ kò sí owó tó kéré ju 1 lọ, òun náà á san 1. 10G pẹ̀lú, 1. Lójú OSPF, A sí C tààrà jẹ́ 1, A sí B sí C jẹ́ 2. Ó gba tààrà, ó sì tọ́ lójú tirẹ̀. Bí a bá wá fi òdiwọ̀n náà sí 100000, ìyẹn 100G, 10G á san 10, 1G á san 100. A sí B sí C wá di 20, tààrà di 100. Data á gba fáíbà, kébù á sì dúró de ọjọ́ tí fáíbà bá já.

Switch mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ lo òdiwọ̀n kan náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí A nìkan, A á ka fáíbà sí 10 àti 1 lápapọ̀ 11, á gba ibẹ̀ lọ sí C. C tí kò gbọ́ nǹkan kan á ṣì máa ka tààrà sí 1, á gba kébù padà. Àlọ gba 10G, àbọ̀ gba 1G, ẹ óò sì máa wá ìdí tí fáìlì fi ń yára lọ tó ń fàlẹ̀ bọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tí ẹ máa rí níkẹyìn dẹ́rù bà yín. Loopback C á hàn lórí A bí i [110/21], torí loopback ń san 1. VLAN C á hàn bí i [110/120]. Switch kì í wo okùn tó wà lábẹ́ VLAN. 1G ló ka VLAN kọ̀ọ̀kan sí, ìdí nìyẹn tí 100 fi kún 20. Kì í ṣe àṣìṣe.

Fún íntánẹ́ẹ̀tì, A nìkan ni kí ẹ kọ default route (ọ̀nà tí à ń gbà bí kò bá sí òmíràn) sí, kí ẹ wá fi `default-information originate` sábẹ́ `router ospf 1`. B àti C á rí i bí O*E2, àmì default route tó ti ìta OSPF wọlé. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà `always` kún un. Láìsí i, A kò ní kéde ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ kò ní.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, `show ip ospf neighbor` lórí A á rí báyìí:

```
Neighbor ID   Pri  State     Dead Time  Address      Interface
10.255.0.2      0  FULL/  -  00:00:36   10.255.1.2   TenGigabitEthernet1/1/1
10.255.0.3      0  FULL/  -  00:00:33   10.255.1.10  GigabitEthernet1/0/24
```

Ẹ wo Dead Time dáadáa. Ó ń ka sẹ́yìn láti 40, Hello tuntun ló sì ń dá a padà sókè. Tí okùn bá dáa, kò yẹ kó máa bọ́ sísàlẹ̀ 30. Ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀ bí i ìgbà mẹ́wàá. Bí ẹ bá ń rí 22, 17, Hello ń sọnù, ẹ lọ nu orí fáíbà tàbí kí ẹ pààrọ̀ SFP (ẹ̀yà tí fáíbà ń wọ̀ lára switch) kó tó di pé okùn náà ń já ní ọ̀sán gangan. Bí INIT ló bá dúró sí, a jẹ́ pé ẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì, òun kò gbọ́ tiyín. Okùn kan nínú fáíbà méjì ti já, tàbí access-list (òfin tó ń sọ ohun tó lè kọjá) kan ń dí OSPF lọ́nà. OSPF kì í gun TCP tàbí UDP. Nọ́ńbà protocol tirẹ̀ ni 89, àwọn tó ń kọ access-list sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Bí orúkọ aládùúgbò kò bá sí níbẹ̀ rárá, ẹ wo `no passive-interface`, ẹ wo area, ẹ wo subnet.

Ọ̀rọ̀ kan nípa kébù Cat6 tó so A mọ́ C láàárín ilé méjì. Bàbà ló wà nínú rẹ̀. Tí àrá bá sán nítòsí ní àsìkò òjò, iná rẹ̀ lè gba inú kébù wọ pọ́ọ̀tù switch méjèèjì. Ẹ fi fáíbà rọ́pò rẹ̀ tí owó bá wà. Tí ẹ bá sì lo media converter (àpótí tó ń so bàbà mọ́ fáíbà) láti fi pààrọ̀ rẹ̀, ẹ rántí pé bí fáíbà bá já láàárín, iná pọ́ọ̀tù switch lè má kú. Switch kò ní mọ̀ títí ìṣẹ́jú-àáyá 40 á fi pé. Ẹ fi `ip ospf hello-interval 1` sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irú okùn bẹ́ẹ̀; Dead Time á di 4 fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yìí láti òkèèrè, ẹ tẹ `reload in 10` kí ẹ tó yí nǹkan kan. Bí ẹ bá ti ara yín mọ́ ìta, switch á tún ara rẹ̀ tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú config àtijọ́. Bí gbogbo nǹkan bá dáa, `reload cancel`, lẹ́yìn náà `copy running-config startup-config` lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò ní dá ohun tí ẹ kò bá fi pamọ́ sí.

Ní alẹ́ tí ẹ bá parí, ẹ fi kọ̀ǹpútà kan ní A máa ping kọ̀ǹpútà kan ní C láìdúró, kí ẹnìkan lọ yọ fáíbà A sí B lórí switch. Ping á sọnù fún ìgbà díẹ̀, á sì padà. `Show ip route 10.3.10.0` á yí sí 10.255.1.10, iye rẹ̀ á di 200 (100 ti kébù, 100 ti VLAN). Ẹ dá fáíbà padà, kí ẹ dúró kí iye náà padà sí 120. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa B fúnra rẹ̀, kí ẹ tún un tàn, torí ìgbà tó bá tún ara rẹ̀ tàn ni DBD á tún jáde, ibẹ̀ lẹ óò sì ti mọ̀ bóyá MTU bára mu lóòótọ́.